Ogún Ṣíbí, Ogún Ègé: Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Mọ Ohun Tó Ń Jẹ

Kí ṣokoléètì tó dé ọ̀dọ̀ wa, àádùn ti wà. Wọ́n á yan àgbàdo, wọ́n á lọ̀ ọ́ kúnná, wọ́n á fi epo pupa àti iyọ̀ díẹ̀ pò ó, wọ́n á sì dì í sínú ewé. Ọkà àti ọ̀rá tí a fi ọwọ́ tẹ̀ pọ̀, tó sì ń dùn lẹ́nu, ni. Tí a bá wò ó dáadáa, ohun kan náà ni ègé kọnfíléèkì oníṣokoléètì tí àwọn ọmọ ń béèrè lónìí.

Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ọmọ ayé ijọ́un wà nídìí ààrò nígbà tí wọ́n ń ṣe àádùn. Òun ló ń koná, òun ló ń gbé àgbàdo lọ sí ibi ọlọ, ìṣojú rẹ̀ ni wọ́n sì ti ń da epo sí i. Ọmọ Òṣòdì ní Èkó lónìí á ya ọ̀rá bisikíìtì lójú ọ̀nà ilé-ìwé, á jẹ ẹ́ tán kó tó dé ibùdókọ̀ Bọ́ládé, kò sì sí ẹni tí yóò bi í pé kí ló wà nínú rẹ̀.

Ohun tó mú mi kọ ìtanijí yìí nìyẹn. N kò ní kí ọmọ má jẹ ohun dídùn mọ́. Ẹ̀bẹ̀ tí mo ń bẹ òbí ni pé kí wọ́n pe ọmọ wá sí ilé ìdáná ní Sátidé kan, kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ohun dídùn tó fẹ́ràn. Ọmọ tó bá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ka ṣúgà sínú abọ́ rí, kò ní fojú kékeré wo ṣúgà mọ́.

Ibi tí wọ́n ti ń yẹ oúnjẹ wò kò jìnnà sí wa

Ọ̀pọ̀ ló ń wọ ọkọ̀ kọjá ní Cappa, ní Òṣòdì, tí wọn kò mọ̀ pé FIIRO wà nítòsí wọn. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìjọba àpapọ̀ ni, ọdún 1956 ni wọ́n sì dá a sílẹ̀, kó lè máa wá ọ̀nà tí ire oko wa yóò fi di ọjà tó lálòpẹ́. Níbẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ti po sóyà mọ́ ògì, kí ògì ọmọdé lè ní èròjà tó ń mú ara dàgbà. Níbẹ̀ náà ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ gidi lórí ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ tí a lè lú mọ́ fúláwà fún búrẹ́dì àti bisikíìtì.

Tí ẹ bá tún gba ọ̀nà tó ti Òṣòdì lọ sí Àpápá, ẹ ó kan ọ́fíìsì NAFDAC ní Isolo Industrial Estate. Òfin ọdún 1993 ló gbé àjọ yìí kalẹ̀ láti máa mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní gbogbo Nàìjíríà.

Àdúgbò wa ni wọ́n ti ń ṣèwádìí oúnjẹ, àdúgbò wa náà ni wọ́n ti ń mójú tó o. Ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí kò lè tẹ̀ lé ọmọ dé ìdí ìsọ̀ tó ti ń ra súìtì. Ilé kọ̀ọ̀kan nílò olùyẹ̀wò tirẹ̀, ọmọ náà gan-an ni iṣẹ́ ọ̀hún sì tọ́ sí.

Kòkó kì í ṣe àjèjì

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ègé kọnfíléèkì náà, ẹ sọ ìtàn kòkó fún ọmọ. Ní nǹkan bí ọdún 1880, J.P.L. Davies, gbajúmọ̀ oníṣòwò Èkó, dá oko kòkó sí Ìjọn, ní apá Agége. Lẹ́yìn rẹ̀ ni J.K. Coker àti àwọn àgbẹ̀ Agége mú iṣẹ́ náà gbòòrò, tí àwọn tó wá ṣe lébìrà lọ́dọ̀ wọn sì gbé irúgbìn rẹ̀ padà sí ìlú wọn. Nígbà tó ṣe, owó kòkó wà lára ohun tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 1955. Ilé gogoro tí wọ́n ṣí ní Ìbàdàn ní 1965, Ilé Kòkó ni wọ́n pè é. Ọ̀pọ̀ bàbá àgbà tó mọ ìwé kà nílẹ̀ wa, kòkó wà lára ohun tó rán wọn lọ sílé-ìwé.

Ẹ tún jẹ́ kó mọ bí kòkó ṣe ń di ṣokoléètì. Wọ́n á la odidi kòkó, wọ́n á fi ewé bo hóró rẹ̀ fún bí ọjọ́ márùn-ún sí méje, kó lè kan. Wọ́n á sá a sóòrùn, wọ́n á yan án, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á sì fún ọ̀rá rẹ̀ jáde. Ohun tó kù tí wọ́n lọ̀ kúnná ni kòkó inú agolo. Tí wọ́n bá po ọ̀rá náà pọ̀ mọ́ kòkó àti ṣúgà, ó di ṣokoléètì.

Wàyí o, ẹ fi orí ṣíbí kan kòkó lílọ̀ tí kò ní ṣúgà, kí ọmọ tọ́ ọ wò. Yóò fajú ro. Ẹ jẹ́ kó fajú ro. Ẹnu ara rẹ̀ ló sọ fún un yẹn pé kòkó korò, pé adùn tó ti ń bá pàdé láti kékeré, ṣúgà ló ni ín. Ẹ̀kọ́ yìí ga ju ìwàásù wákàtí méjì lọ.

Ìdí tí a ó fi yan án sórí iná

Ọ̀pọ̀ ọ̀nà ni wọ́n ń gbà ṣe ègé kọnfíléèkì oníṣokoléètì yìí. Àwọn kan kàn ń yọ́ ṣokoléètì lé kọnfíléèkì lórí, tí wọ́n á gbé e sínú fíríìjì. Ọ̀nà yẹn kò rọrùn fún wa. Nǹkan bí ìwọ̀n 34 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni ọ̀rá kòkó ti ń yọ́, ooru ọ̀sán Èkó kò sì jìnnà sí i. Tí wọ́n bá mú iná lọ, ègé yóò di ẹ̀kọ. Èyí tí a fi kòkó lílọ̀ ṣe, tí a sì yan, kò ní wàhálà fíríìjì. Ó ṣe é dì sínú kúlà oúnjẹ lọ sílé-ìwé.

Ohun tí ẹ ó wá sílẹ̀

Ife tí mo ń sọ níhìn-ín gba mílílítà 250. Tí ẹ kò bá ní ife ìwọ̀n, ìdajì ike omi 50cl nìyẹn.

- Fúláwà: ife 1
- Kọnfíléèkì: ife 2
- Àgbọn tí a rin, tí a sì yan gbẹ díẹ̀: ìdajì ife
- Kòkó lílọ̀ tí kò ní ṣúgà: ṣíbí ìjẹun 2
- Ṣúgà: ṣíbí tíì 20, tí a fi ọ̀bẹ gé orí rẹ̀ dọ́gba
- Béèkìn páódà: ṣíbí tíì 1
- Iyọ̀: ìmúnu kan
- Bọ́tà: gíráàmù 150
- Mílíìkì olómi: ṣíbí ìjẹun 2 tàbí 3, tí ó bá gbẹ jù

Ẹni tó bá fẹ́ lo ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ lè fi í rọ́pò ìdá kan nínú mẹ́rin fúláwà náà. Ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ tí kò kan ni mò ń wí. Láfún kọ́ o, òórùn tirẹ̀ yóò bo ti kòkó mọ́lẹ̀.

Àwọn òbí kan yóò fẹ́ fi Milo tàbí Bournvita rọ́pò kòkó. Kò sí ewu níbẹ̀, àmọ́ ṣúgà ti wà nínú àwọn wọ̀nyẹn tẹ́lẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ dín ti inú abọ́ kù.

Kí ọmọ ka ara páálí kí ẹ tó ṣí i

Ẹ to gbogbo rẹ̀ sórí tábìlì, kí ọmọ tó ti mọ ìwé kà yẹ̀ ẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun mẹ́rin ni kó wá: nọ́ńbà NAFDAC, ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, ọjọ́ tí yóò bàjẹ́, àti orúkọ pẹ̀lú àdírẹ́sì ilé-iṣẹ́ tó ṣe é. Tí ọjọ́ ara páálí bá rí wúruwùru, bíi pé wọ́n pa òmíràn rẹ́ kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, ẹ má lò ó. Àwọn ọ̀bàyéjẹ́ kan máa ń pààrọ̀ ọjọ́ tó ti kọjá kí ọjà wọn má bàa ṣòfò.

Kọnfíléèkì tí wọ́n ń wọ̀n tà láti inú àpò ńlá máa ń dínwó lọ́jà, ṣùgbọ́n kò ní ọjọ́ lára, ẹ kò sì mọ ibi tó ti ń bọ̀. Páálí kékeré tó ní orúkọ sàn jù ú lọ.

Ní ti bọ́tà, ẹ wo ohun tí wọ́n kọ nípa ọ̀rá. Oríṣi ọ̀rá kan wà tí wọ́n ń pè ní trans fat, tó máa ń ba iṣan ọkàn jẹ́. Òfin NAFDAC ti sọ pé kò gbọdọ̀ ju gíráàmù 2 lọ nínú gíráàmù 100 ọ̀rá. Bọ́tà tí kò ní àkọlé kankan lára kò lè jẹ́ kí ẹ mọ̀ bóyá ó pa òfin yìí mọ́.

Iṣẹ́ tó tọ́ sí ọjọ́ orí

Ọmọ ọdún mẹ́ta sí márùn-ún lè fọ kọnfíléèkì wẹ́wẹ́ nínú ọ̀rá tó mọ́, ó sì lè da ohun tí a ti wọ̀n sínú abọ́. Ọmọ ọdún mẹ́fà sí mẹ́sàn-án lè ka ara páálí, kó wọn nǹkan, kó ka ṣíbí, kó sì ro ó pọ̀. Ẹni ọdún mẹ́wàá sókè lè yọ́ bọ́tà lórí iná tó rẹlẹ̀, tí àgbà bá dúró tì í. Gbígbé páànù gbígbóná, àgbà nìkan ló ni ín.

Gbogbo wọn pátá ni yóò kọ́kọ́ fi ọṣẹ fọ ọwọ́, fún bí ìṣẹ́jú àáyá 20. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n lá àpòpọ̀ náà kó tó jinná. Fúláwà tútù lè gbé kòkòrò àìsàn, ooru iná ló ń pa á.

Bó ṣe máa lọ

1. Ẹ tan ófùn sí ìwọ̀n 180 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ẹ fi bọ́tà díẹ̀ ra inú páànù tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 28, tó fẹ̀ tó 18, kí ẹ sì wọ́n fúláwà díẹ̀ sí i.
2. Ẹ jọ̀ fúláwà, kòkó àti béèkìn páódà pọ̀ sínú abọ́ ńlá. Ẹ da iyọ̀, àgbọn àti kọnfíléèkì sí i.
3. Ọmọ ni yóò ka ṣúgà. Kó máa pariwo rẹ̀ bó ṣe ń dà á: ení, èjì, ẹ̀ta, títí dé ogún. Ẹ má bá a kà á.
4. Ẹ yọ́ bọ́tà, ẹ jẹ́ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ẹ tó dà á sínú abọ́. Ẹ ro ó títí gbogbo rẹ̀ yóò fi tutù kárí. Tí kò bá lẹ̀ mọ́ra, ẹ fi mílíìkì sí i díẹ̀díẹ̀.
5. Ẹ dà á sínú páànù, kí ọmọ fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó le, kó sì dọ́gba. Èyí tí a kò bá tẹ̀ dáadáa yóò rún.
6. Ẹ yan án fún ìṣẹ́jú 20 sí 25. Tí etí rẹ̀ bá ti ń yà kúrò lára páànù, ó ti jinná. Àárín rẹ̀ á ṣì rọ̀ díẹ̀. Yóò le tó bá tutù.
7. Ẹ gé e nígbà tó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́: ọ̀nà mẹ́rin níbùú, ọ̀nà márùn-ún lóròó. Mẹ́rin lọ́nà márùn-ún, ogún. Kí ọmọ kà á fúnra rẹ̀.

Nínú ike tó dé dáadáa, tí èèrà kò lè wọ̀, yóò lo bí ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin.

Ẹni tí kò ní ófùn ńkọ́?

Ọ̀pọ̀ ilé ní Òṣòdì àti Ìsọlọ̀ ni kò ní ófùn. Ìyá wa tó ń yan kéèkì nínú ìkòkò ti fi ọ̀nà hàn wá. Ẹ wá ìkòkò irin tó nípọn, ẹ da iyanrìn tó mọ́, tó sì gbẹ dáadáa sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kó ga tó ìka méjì. Ẹ gbé irin kékeré tàbí agolo tó ṣófo lé e, kí páànù má bàa kan iyanrìn. Ẹ dé ìkòkò náà, kí ẹ jẹ́ kó gbóná fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí ẹ tó gbé páànù wọ̀ ọ́. Ẹ jẹ́ kí iná rẹlẹ̀, kí ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò láti ìṣẹ́jú 25 lọ. Tí ìkòkò kò bá gba páànù ńlá, ẹ pín in sí méjì, kí ẹ gé ọ̀kọ̀ọ̀kan sí mẹ́wàá.

Ẹ má lo ìkòkò tí wọ́n fi ohun tí kì í jẹ́ kí oúnjẹ lẹ̀ pa inú rẹ̀. Ooru gbígbẹ bẹ́ẹ̀ yóò bà á jẹ́, èéfín rẹ̀ kò sì dára fún ara. Ẹ má sì lo òkúta tútù dípò iyanrìn, ó lè bẹ́.

Iná kò mọ ọmọdé

Sílíńdà gáàsì yẹ kó wà níta ilé ìdáná. Ẹ fi omi ọṣẹ ra ibi tí róbà ti so mọ́ ọn. Tó bá ń hó, gáàsì ń jò. Tí ẹ bá gbóòórùn gáàsì, ẹ má ṣáná, ẹ má tan iná mànàmáná, ẹ má sì pa á. Ẹ ti sílíńdà, ẹ ṣí fèrèsé, kí gbogbo ènìyàn jáde.

Ẹni tó ń lo sítóòfù kò gbọdọ̀ bu kẹrosíìnì sí i nígbà tó ń jó. Ẹni tó ń lo èédú kò gbọdọ̀ gbé e wọ yàrá, bí òjò tilẹ̀ ń rọ̀. Èédú ń tú afẹ́fẹ́ olóró jáde, kò ní òórùn, ó sì ń pa odindi ìdílé lójú oorun. Ẹ kọ ọwọ́ ìkòkò sí ọ̀dọ̀ ògiri, kí ẹ má sì pọn ọmọ dúró nídìí iná.

Tí nǹkan gbígbóná bá jó ọmọ pẹ́nrẹ́n, ẹ da omi tútù tó mọ́ sí ojú ibẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú. Tí omi ẹ̀rọ kò bá sí, ẹ máa bu omi kẹ́ẹ̀gì dà á díẹ̀díẹ̀. Ẹ yọ ẹ̀gbà ọwọ́ àti aṣọ tí kò lẹ̀ mọ́ ara. Ẹ má fi yìnyín sí i. Ẹ má fi ẹyin, epo pupa, ọṣẹ ìfọyín tàbí iyọ̀ sí i. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ wa ni wọ́n fi ẹyin ra ojú iná fún nígbà èwe, ìfẹ́ ló sì mú àwọn ìyá wa ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹyin tútù ń kó kòkòrò wọ inú egbò, yóò sì jẹ́ kó ṣòro fún dókítà láti rí bí iná náà ti jinlẹ̀ tó. Ẹ fi aṣọ tó mọ́ bò ó fẹ́rẹ́fẹ́, kí ẹ gbé ọmọ lọ sí ilé-ìwòsàn. Ilé-ìwòsàn ìjọba wà ní Ìsọlọ̀, ilé-ìwòsàn tó ń tọ́jú eegun ní Ìgbóbì sì ní ẹ̀ka tó ń tọ́jú ẹni tí iná jó. Nọ́ńbà pàjáwìrì Èkó ni 767 tàbí 112. Kí ọmọ yín mọ̀ ọ́n sórí.

Ọmọ aládùúgbò yóò wá

Tí òórùn kòkó bá ti jáde lẹ́nu ọ̀nà ilé oníyàrá púpọ̀, àwọn ọmọ aládùúgbò yóò dé. Ẹ má lé wọn, àmọ́ ẹ bi òbí wọn kí ẹ tó fún wọn. Ara ọmọ mìíràn kọ fúláwà, ti òmíràn kọ mílíìkì tàbí ẹ̀pà. Tí ètè ọmọ bá wú, tí ara rẹ̀ ń yún, tàbí tí mímí ń nira fún un lẹ́yìn tó jẹun, ilé-ìwòsàn ló kàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Àwọn kan fẹ́ràn láti fi ẹ̀pà sí ègé yìí. Ẹ má fi odidi ẹ̀pà sí èyí tí ọmọ tí kò tó ọdún márùn-ún yóò jẹ, ó lè há a lọ́fun. Ẹ má fi oyin fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan rárá. Kí gbogbo ọmọ sì jókòó jẹun, kí wọ́n má máa sáré.

Ṣíbí mélòó?

Ogún ṣíbí ṣúgà ló wọ inú páànù, ogún ègé ló jáde. Ṣíbí kan ló wà nínú ègé kọ̀ọ̀kan, àti ìwọ̀nba tí kọnfíléèkì gbé wá. Ọmọ tó ka ogún yẹn lóhùn rara kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé rẹ̀ fún un.

Ní ọdún 2016, American Heart Association gbà wá nímọ̀ràn pé ṣúgà tí wọ́n ń fi sí oúnjẹ àti ohun mímu ọmọ ọdún méjì sí méjìdínlógún kò yẹ kó ju gíráàmù 25 lọ lójúmọ́. Ṣíbí tíì mẹ́fà nìyẹn. Wọ́n ní ọmọ tí kò tó ọdún méjì kò nílò rẹ̀ rárá. Ègé méjì kò pọ̀ jù fún ọmọ tó ti tó ilé-ìwé lọ, bí kò bá ti mu ṣúgà púpọ̀ nínú tíì àárọ̀ àti mínírà ọ̀sán. Kó tó sùn, kó fọ ẹnu rẹ̀.

Ẹ wá kọ́ ọ ní ìṣirò kan tó kù. Ṣíbí tíì kan jẹ́ nǹkan bí gíráàmù 4. Tí wọ́n bá kọ gíráàmù ṣúgà sára ike tàbí ọ̀rá, kó pín in sí mẹ́rin, iye ṣíbí rẹ̀ ló rí yẹn. Gíráàmù 32 jẹ́ ṣíbí mẹ́jọ. Kó kọ́kọ́ wò ó bóyá gíráàmù 100 ni wọ́n ń sọ tàbí odidi ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ọmọ náà yóò tún gba ọ̀nà Bọ́ládé kọjá. Yóò dúró níwájú ìsọ̀, yóò mú bisikíìtì tó máa ń rà. Kó tó ya ọ̀rá rẹ̀, yóò yí ẹ̀yìn ọ̀rá náà padà, ètè rẹ̀ á máa mì bó ṣe ń fi mẹ́rin pín gíráàmù ṣúgà tó wà lára rẹ̀. Ó lè rà á, ó lè dá a padà. Èyí tó wù ú nínú méjèèjì, ó mọ ohun tó ń jẹ.